Ẹní Ọkọ Mi Kékeré

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ọwọ́ mi kò sì yá nínú kíkọ. Bí nǹkan bá wà lọ́kàn mi, kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Ẹnu mi pàápàá kò yá ju ọwọ́ mi lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti pé jọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti bá mi. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Abúlé wa kò jìnnà sí Lálúpọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀hún lówùúrọ̀, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni wọ́n mú mi wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Àgbẹ̀ ni baálé mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní àbúrò kan, abígbẹ̀yìn ìyá wọn, tó ṣì ń mu ọmú nígbà tí mo dé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo fún ẹ̀gbọ́n wọn lórúkọ, mo ń pè wọ́n ní Akọ̀wé. Ti ọmọ ọwọ́ yẹn kò le: ọkọ mi kékeré ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òun náà gbọ́ ohun tí gbogbo agbo ilé ń pè mí, ó wá fi tirẹ̀ kún un. Ìyàwó mi ló ń pè mí.

N kò tíì pẹ́ rárá nílé náà tí ìyá wọn fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Baba ti ṣáájú lọ. Lọ́jọ́ kan ìyá pè mí wọlé, wọ́n fi ọwọ́ ọmọ náà sí ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a sin wọ́n tán, mo pọ̀n ọ́n, ó sì dà bíi pé n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé wa, ìyàwó àbúrò baba wọn, tí ọ̀rọ̀ kì í kọjá lójú wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀rín sí i. Bí wọ́n bá ti rí mi tí mo ń bọ̀ láti odò, wọ́n á pariwo sí àwọn tó wà nídìí iná pé, "Ẹ wá wo ìyàwó tó pọn ọkọ sẹ́yìn. Ká ní tèmi kò wúwo ni, èmi náà ì bá gbìyànjú ẹ̀."

Láàárọ̀, bí ọmọ náà bá jí, màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, ó di ohun tí a kò lè ṣaláì ṣe. Màá ní, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi baálé ilé, ikùn níta, yóò ní, "Ìyàwó mi, dìde." Bí kò bá tíì sọ ọ́, n kò ní dìde. Nígbà mìíràn ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Ọlọ́run kò tíì fún mi ní tèmi nígbà náà. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ohun kan wà tí èmi àti òun nìkan mọ̀. Ó máa ń tọ̀ sí orí ẹní. Ó já lẹ́nu ọmú, ó rìn, ó sáré, ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá ó kan etí, wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ní agbo ilé wa, bí wọ́n bá mọ ọmọ kan ní atọ́ọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ẹní yẹn kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á máa tì í kiri àgbàlá, wọ́n á máa kọrin tẹ̀ lé e. Mo rí i tí wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin kan. Inú oko kòkó ló lọ jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún tèmi. Nítorí náà, bí àkùkọ bá ti kọ, kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, màá ká ẹní rẹ̀, màá gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi àpáta tí a ń sá láfún sí. Màá fọ̀ ọ́, màá tẹ́ ẹ sórí àpáta. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gbẹ. Gbogbo ilé rò pé ìmọ́tótó ló ń ṣe mí. Ìyá àgbà ní omi ni yóò jẹ ẹní yẹn tán, kì í ṣe ìdí èèyàn.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, àgbàdo tuntun ti jáde, Akọ̀wé wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n jókòó ti baálé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń bu omi tí wọn yóò mu. Wọ́n ń ṣàlàyé pé ìjọ fẹ́ kó àwọn ọmọdé jọ nígbà ọlidé, wọ́n ń pè é ní kámpù. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tó kọjá Ẹgbẹ́dá, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ni wọn yóò máa sùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìyá láìsí baba. Wọn yóò máa kọrin, wọn yóò máa ka Bíbélì, wọn yóò máa ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ àwọn tíṣà àti akọ̀wé ni. Ẹnu ya baálé mi pé èèyàn lè kó ọmọ ọlọ́mọ jọ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Jẹ́ kó lọ síbẹ̀ ká fi wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ yín níbí kò kọjá ìwé mẹ́ta. Bó bá ṣe ọkùnrin ní kámpù yẹn, ibẹ̀ ni màá ti mú un lọ sílé mi, kó ka ìwé ẹ̀ já. Àmọ́ bó bá ń sunkún ilé, tàbí ó ń tọ̀ sílé, ìyàwó mi ò ní gbà á. Ó ti sọ fún mi. Kó yáa máa bá ọ roko."

Mo gbé omi jáde, mo kúnlẹ̀. Akọ̀wé gbà á, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n wá bi mí léèrè, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn: "Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ṣé ọkọ ẹ yìí ò ní dójú tì wá? Ṣé ó ń sùn dáadáa?"

Ẹní yẹn wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé bí wọ́n ṣe ń bi mí. Kò tíì gbẹ. Gbólóhùn kan ni ì bá ná mi, ọmọ náà kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́. Nígbà tí èmi náà ka ìwé mẹ́ta tán ní abúlé bàbá mi, ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé Ìbàdàn ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn, kí n máa ka ìwé lọ. Wọ́n mú mi débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò lè dákẹ́. N kò jẹun, n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tún ṣú tí ẹkún kò tán, wọ́n di ẹrù mi, wọ́n dá mi padà. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní ilé ń pe ọmọ yìí ni. Bí ìwé tèmi ṣe parí nìyẹn. Tíṣà mi ti sọ fún bàbá mi pé orí mi pé.

Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ó ń sùn dáadáa, Akọ̀wé."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí yóò ṣe fi mí sílẹ̀.

Omi ni mo kọ́kọ́ dá dúró. Bí oòrùn bá ti wọ̀, n kò fún un ní omi tàbí ẹ̀kọ gbígbóná mọ́, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Ó máa ń wo mí bíi pé mo ti ya òǹrorò. Ní àkọ́kọ́, mo máa ń jí i kó jáde lọ tọ̀. Nígbà tó yá, mo rò ó pé n kò ní sí níbẹ̀ láti jí i, mo bá jáwọ́. Màá kàn dùbúlẹ̀ lórí ẹní tèmi, màá máa gbọ́ mímí rẹ̀, màá máa fi inú bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí kò dìde, mo sì fọ ẹní bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń dún. Ó jáde, ó tọ̀, ó wọlé padà, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ọwọ́ kan ẹní náà, ó gbẹ. Mo fẹ́ jó, inú mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dá wẹ̀, kó ha ẹ̀yìn ara rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ dé. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà. Akọ̀wé ti ra bàtà náà fún un, ó sì ń rìn nínú rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo kọ́ ọ ní fífi ṣíbí jẹun, èmi tí n kì í fi ṣíbí jẹ nǹkan. Ó gbé ṣíbí náà wò títí, ó bi mí pé, "Ìyàwó mi, àwọn ará kámpù ò lọ́wọ́ ni?"

Èyí tó nira jù ni kíkọ́ ọ pé kó máa sọ̀rọ̀. Mo ní bí ebi bá pa á, kó sọ. Bí wọ́n bá mú nǹkan rẹ̀, kó sọ. Mo máa ń ṣe bíi tíṣà, màá bi í ní ìbéèrè, yóò sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ohùn gíga. Èmi tí n kò lè kí àlejò kó gbọ́ ni mo ń kọ́ ọmọ ní ohùn gíga. Ìyá àgbà gbọ́ wa láti yàrá wọn, wọ́n ní afọ́jú ló ń júwe ọ̀nà oko yìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn ará kámpù ní kí a kọ orúkọ ọmọ sára ẹrù rẹ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀ í kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ pè, ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀. Òwú pupa ni mo fi rán àmì kan tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ sí etí aṣọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti sí etí ẹní. Baálé mi ló wá kọ orúkọ sí ara àpótí páànù. Mo kó pákò sínú rẹ̀, mo kó kàn-ìn-kàn tuntun sí i, àti ọṣẹ, àti gàrí díẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi yan.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò lọ, ó jókòó lé àpótí náà, ó ń wo bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ìyàwó mi, ta ló máa máa kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún ọmọdé níbẹ̀, ọmọdé ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ṣé wàá wá lọ́jọ́ tó bá parí?"

"Màá wá."

"Ṣé wàá kúnlẹ̀?"

"Ọkọ mi, màá kúnlẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì baálé mi gbé e sórí kẹ̀kẹ́, àpótí wà lẹ́yìn, ẹní wà lórí àpótí. Mo bá wọn rìn dé ibi tí ọ̀nà wa ti já sí ọ̀nà ńlá. Mo ti mú ọkàn le pé bó bá sunkún, n kò ní wẹ̀yìn. Kò sunkún. Ó ń wo iwájú, ó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ọkọ̀ tí àwọn máa wọ̀ ní Lálúpọn ní fèrè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mo máa ń ṣe oúnjẹ tó pọ̀ jù. N kò ní ẹní tí màá fọ̀ láàárọ̀, nítorí náà mo máa ń jí, màá kàn jókòó. Mo ń gbàdúrà kó má tọ̀ sílé. Mo tún máa ń bá ara mi níbi tí mo ti ń gbàdúrà kó tọ̀ sílé lẹ́ẹ̀kan péré, màá sì yára dá ẹnu dúró.

Lọ́jọ́ ìparí, èmi àti baálé mi wọ bọ́lẹ̀kájà lọ. Mo se ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó fẹ́ràn, mo dì í sínú àwo. Ọgbà náà fẹ̀, wọ́n ti gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn òbí dúró lábẹ́ igi, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wọ bàtà tó ga. Akọ̀wé ti dé ṣáájú wa pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan. Àwọn ọmọ tò sórí pápá, wọ́n kọrin, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Okùn bàtà rẹ̀ wà ní dídè, ó dè é dáadáa ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ.

Nígbà tí wọ́n tú wọn ká, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo gbé àwo fún baálé mi. Mo rántí ìlérí mi. Lójú gbogbo èèyàn yẹn, èmi tí ojú máa ń tì, mo kúnlẹ̀ sórí koríko, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Àwọn ọmọ kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ọkọ-ìyàwó, ìyàwó ẹ mà ti dé!" Àwọn yòókù gbè é, "Ọkọ-ìyàwó! Ọkọ-ìyàwó!" wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo rí i pé orúkọ tí wọ́n ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá ni.

Ó dúró. Kò ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bó ti yẹ kí ọmọdé ṣe fún àgbàlagbà. Nígbà tó dìde, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ dìde. Wọ́n ń wò wá."

Mo dìde.

Mísì tó ń tọ́jú wọn wá bá wa. Ó ń rẹ́rìn-ín, èèyàn dáadáa ni. Ó sọ fún Akọ̀wé pé ọmọ yìí mọ́ra, pé ó ń dá wẹ̀, pé bó bá fẹ́ nǹkan, ó máa ń sọ ọ́ jáde. Alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń sunkún pé òun ń wá ìyàwó òun. Àwọn ọmọ inú yàrá rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, torí pé nílé tiwọn, ìyá àti baba àti ọmọ ló wà níbẹ̀, kò sí ìyàwó ilé tí ń pe ọmọdé lọ́kọ. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dárúkọ mi mọ́, kò sì sunkún mọ́. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá a léjìká. Wọ́n ní ó ti ṣe ọkùnrin.

Gbogbo nǹkan ni mo kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ pé ohun tó ń pè mí nílé kò ṣeé pè níta. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ta ni ìyẹn ì bá wá sí lọ́kàn? Ọmọ ilé ni, ìyàwó ilé ni mí.

Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀. Akọ̀wé ní ibùsùn wà nílé àwọn, kò nílò ẹní, kí n gbé e padà. Ọmọ náà ló gbé ẹní ọ̀hún wá fún mi, ní kíká. Ó súnmọ́ mi, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí. Ó fi ẹnu sí etí mi, ó ní, "Kò tutù rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń dìde."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Ohùn mi kò jáde, n kò rò pé ó gbọ́. Ó sáré lọ wọ ọkọ̀. Ó jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń ju ọwọ́ sí wa títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà Ìbàdàn. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ baálé mi. A ti gbàgbé láti fún un.

Nínú bọ́lẹ̀kájà, baálé mi gbé àwo ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé itan. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, wọ́n ní, "O ṣe é dáadáa." Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n náà. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹní tó wà lábẹ́ apá mi, wọ́n ṣí ẹnu bíi pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì pa á dé. Wọ́n kàn ní kí n wá bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò àwọn, kí n má wulẹ̀ dá iná.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àkùkọ kọ, mo jí. Ilé dákẹ́. Mo mú ẹní rẹ̀ níbi tó wà ní kíká lẹ́bàá ògiri, mo fi ọwọ́ kàn án káàkiri dé ibi tí mo fi òwú pupa rán. Ó gbẹ. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ́ọ́rọ́, mo bu omi nínú ìkòkò, mo gbé ẹní náà lọ sórí àpáta. Mo fọ̀ ọ́ bí mo ti máa ń fọ̀ ọ́, mo sì tẹ́ ẹ kí oòrùn tó yọ.